Itan Àgbò Tí Ó Dá Ilé Iṣẹ́ Mẹ́ta Dúró

Ní ọdún tí ìjọba ológun ní kí gbogbo wa máa tò sórí ìlà bí ọmọ iléèwé, olùkọ́ ni mí ní ọ̀kan nínú àwọn iléèwé girama tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀kọ́ nípa àwọn ohun abẹ̀mí ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Èyí tí mo sì fẹ́ràn jù láti kọ́ wọn ni ti àwọn ẹ̀dá tí ń gbé pọ̀ fún àǹfààní ara wọn. N óò ya màlúù sójú pátákó, n óò ya lékeléke sí i lẹ́yìn, n óò wá béèrè ẹni tó ń jèrè nínú àwọn méjèèjì. Wọn á pariwo pé àwọn méjèèjì ni: lékeléke rí eégbọn jẹ, ara tu màlúù. Kò sí ọmọ kan tó bi mí rí pé nínú àwọn méjèèjì, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ kí èkejì tí ilẹ̀ bá mọ́. Ká ní ọ̀kan nínú wọn bi mí ni, bóyá ǹ bá ti gbára dì fún ohun tí ojú wa rí lọ́dún náà.

Ìyá mi ní ilé gàrí kan ní ẹ̀yìn ìlú, ní apá ọ̀nà Òdògbólú. Lẹ́yìn tí bàbá mi kú ló kọ́ ọ. Kò sí ògiri níbẹ̀, páànù lórí òpó ni, ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ kan wà ní igun, agbada tò sórí ààrò lábẹ́ páànù. Inú èéfín ibẹ̀ ni owó iléèwé mi ti jáde, ibẹ̀ náà ni ti àbúrò mi tó wà ní yunifásítì ṣì ń ti jáde nígbà náà. Àwọn obìnrin tó ń bá a yan gàrí, opó bíi tirẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Bí ilé gàrí yẹn bá tì, gbogbo wa la jókòó sílẹ̀ nìyẹn.

Òkè wa ni ilé ìlagi Alhaji wà, ìsàlẹ̀ wa ni ilé ẹlẹ́dẹ̀ Tíṣà. Ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni Tíṣà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀; èmi tí mò ń kọ́ni lọ́wọ́, Mìsì lásán ni wọ́n ń pè mí. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló gba àárín àgbàlá wa láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀, orí ọ̀nà yìí sì ni ọmọlanke Alhaji ń gbà lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń gbé, nítorí kò sí ìwé kankan tí a kà tí ó kọ́ wa. Ẹ̀gbẹ́ igi tí ẹ̀rọ Alhaji bá rẹ́ sọnù ni àwọn obìnrin wa fi ń dáná. Ìyẹ̀ pákó tó bá kù nílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ, ọmọlanke á kó o sọ̀kalẹ̀ fún Tíṣà, kó lè tẹ́ ẹ fún àwọn ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀. Bó bá ti ń kọjá lọ́dọ̀ wa, á gbé èèpo ẹ̀gẹ́ tó wà nílẹ̀, á kó díẹ̀ padà lọ fún àgbò Alhaji, á sì já èyí tó pọ̀ jù sọ́dọ̀ Tíṣà. Tí ìyẹ̀ pákó náà bá ti mu ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ yó, àwọn àgbẹ̀ tó ń ta ẹ̀gẹ́ fún wa láti apá Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin á wá kó o lọ sóko, ẹ̀gẹ́ á ta bí ẹni pé wọ́n bú u ni, wọn á sì tún wá tà á fún wa. Ohun tí ẹnìkan bá kà sí pàǹtírí, oúnjẹ ẹlòmíràn ni. A kò san kọ́bọ̀ fún ara wa.

Ohun kan ṣoṣo ló bà á jẹ́: olúkúlùkù gbà pé òun lòun ń ṣe àwọn yòókù lóore. Alhaji gbà pé òun ló ń fún ìyá mi ní igi ìdáná lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá mi gbà pé òun ló ń bá Alhaji palẹ̀ ilé ìlagi rẹ̀ mọ́. Ní ti Tíṣà, ó gbà pé àwọn méjèèjì ì bá ti kú sínú ìdọ̀tí wọn tí kì í bá ṣe òun àti ẹlẹ́dẹ̀ òun. Bí wọ́n bá pàdé láàárọ̀, wọn á máa kí ara wọn pé "Ẹ ṣeun àná o," ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń retí kí wọ́n dá a lóhùn pé ẹ̀yin gan-an lẹ ṣeun ni wọ́n ṣe ń kí i. Oore tí a ṣe ní àná, òwúrọ̀ òní la gbọ́dọ̀ dúpẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá dúpẹ́, wọ́n kọ́ ọ nílé, kò gbọ́ ni.

Iléyá wá dé. Àgbò Alhaji lọ́dún náà sanra débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gbé ìwo rẹ̀, ìyá mi sì mọ ohun tó jẹ. Gbogbo àárọ̀ tí ó bá ti rí i lórí ìso, á ní, "Ẹ wo àgbò mi." Lọ́jọ́ ọdún, ẹran dé láti ilé Alhaji nínú abọ́ tí wọ́n daṣọ bò, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń dé. Ìyá mi ṣí aṣọ. Ọrùn ni.

Ó wò ó títí. Ó daṣọ náà padà lé e bí ẹni tó ń daṣọ bo òkú. Kò sọ ohunkóhun, ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù jù lára ìyá mi nìyẹn, nítorí obìnrin tó bá ń pariwo nítorí èéfín ojú agbada kò yẹ kó dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹran. Ọdọọdún ni itan máa ń dé. Lọ́jọ́ kejì, kò lọ dúpẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò lọ lọ́jọ́ kẹta.

Alhaji retí rẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yí po, àwọn obìnrin wa lọ kó igi, wọ́n bá ilẹ̀kùn ilé ìlagi ní títì. Ẹni tó ń ṣọ́nà ní ọ̀gá ní kí òun sọ fún wọn pé igi ti di títà. Kò sí ẹni tó fẹ́ rà á. Òkìtì rẹ̀ ń ga sí i lójú wa níbẹ̀.

Ìyá mi ní kò burú. Ó pe àwọn obìnrin rẹ̀, wọ́n yí ìtì igi ńlá kan, wọ́n gbé e dábùú ọ̀nà tó gba àgbàlá wa kọjá. Ó ní ọmọlanke ẹni tó ní igi títà kò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ òun mọ́.

Bí àwọn àgbà méjì ṣe dá ilé iṣẹ́ mẹ́ta dúró nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé ohùn sókè. Ìyẹ̀ pákó kò rí ọ̀nà sọ̀kalẹ̀, ó di òkè sí ẹ̀yìn ilé ìlagi. Èèpo ẹ̀gẹ́ kò rí ọ̀nà jáde, òjò ń rọ̀ sí i, ó ń kan, ó ń rùn, eṣinṣin sọ ibẹ̀ di ìlú wọn. Igi tí a ń rà láti ọ̀nà jíjìn tutù, ó sì gbówó lórí. Ẹlẹ́dẹ̀ Tíṣà ń sùn sínú ẹrẹ̀, ewé ni Tíṣà sì ń já fún wọn. Mo ní kí ìyá mi jẹ́ kí àwọn obìnrin wa máa ru èèpo lọ fún Tíṣà.

"Kí wọ́n máa ru oúnjẹ fún ẹlẹ́dẹ̀ lórí?" Ó wò mí bí ẹni pé mo bú òkú bàbá rẹ̀. "Ṣé ohun tí wọ́n kọ́ ẹ ní yunifásítì nìyẹn?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ lékeléke àti màlúù fún un. Mo tilẹ̀ ya á sí ilẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ṣé màlúù fún lékeléke ní ọrùn rí?" Mo fi ẹsẹ̀ pa àwòrán náà rẹ́, mo sì wọlé lọ.

Nígbà yẹn, ìjọba ti ní kí Sátidé tó bá parí oṣù jẹ́ ọjọ́ ìmọ́tótó. Wolé-wolé ló ń yí ká, sójà ló ń tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ tí ẹnu bá sì ń sọ tẹ́lẹ̀, ẹgba ló ń sọ ọ́ báyìí. Wolé-wolé àdúgbò wa dé sí ilé gàrí ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó fi aṣọ ìnujú bo imú. Ó ní òun ti ń jẹ gàrí ìyá mi láti ìgbà tí òun ti wà ní kékeré, ìdí nìyẹn tí òun kò fi ní tì í lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òkìtì yẹn bá ṣì wà níbẹ̀ ní Sátidé ìmọ́tótó, òun á fi ṣéènì àti àgádágodo sí ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́, òun á kó agbada lọ sí àgọ́, ó di ìgbà tí ìjọba bá rántí. Ó gòkè lọ sọ bákan náà fún Alhaji.

Ẹ ó rò pé ó tán. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ Ìjẹ̀bú ló máa rò pé àgádágodo lè ju iyì lọ.

Sùúrù mi tán. Kò pọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí mo ṣe jáde níléèwé lọ́jọ́ kejì, ọ̀dọ̀ Alhaji ni mo gbà lọ. Ó jókòó sábẹ́ àtíbàbà pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

"Ṣé ìyá rẹ ló rán ẹ?"

"Rárá, sà. Èmi ni mo rán ara mi."

"Mi ò bá Ìyá Onígàrí jà o, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Mo ránṣẹ́ ẹran sí i. Ṣé kò lè kí mi kú àná?"

Ọmọ tí a kọ́ dáadáa kì í dárúkọ ibi tí a fún òun lára ẹran. Wọ́n kọ́ mi dáadáa, ṣùgbọ́n inú ń bí mi.

"Kí wọ́n dúpẹ́ nítorí kí ni, sà? Nítorí ọrùn?"

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọrùn wo?"

"Ọrùn àgbò tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa."

"Wàlàhí, itan ni mo ní kí wọ́n gbé fún ìyá rẹ!"

Ó pe ìyàwó rẹ̀ àgbà jáde. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi yé gbogbo wa. Abọ́ méjì tó jọra ni wọ́n daṣọ bò lọ́jọ́ náà, ọ̀kan fún ìyá mi, ọ̀kan fún Tíṣà. Àwọn tó gbé e ṣi í gbé. Tíṣà ló jẹ itan. Òun sì ti jí ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì wá dúpẹ́, ó dúpẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ta ló ń béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà pé ibo lára ẹran ló ń dúpẹ́ rẹ̀?

Mo sáré sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ìròyìn ayọ̀ yìí. Ìyá mi gbọ́ ọ, ó jókòó, ó ní, "Tíṣà ló jẹ itan mi?" Ó tún un sọ. Mo ní àṣìṣe ni. Ó ní òun mọ̀ pé àṣìṣe ni, àmọ́ ṣé ẹnu Tíṣà kò sọ fún un pé itan tóbi jù fún un ni?

Ó ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí i. Mi ò mọ ẹni tó jẹ́ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ẹ tán pátápátá, nítorí pé kí ilẹ̀ tó ṣú, Tíṣà ti mọ̀ pé ọrùn ni Alhaji yàn fún òun.

Àárín ọgbà rẹ̀ ni mo bá a lọ́jọ́ kejì, ó wọ bàtà òjò. "Ọrùn," ló ń tún sọ. "Pẹ̀lú gbogbo ìyẹ̀ pákó tí mo ń bá a kó! Mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi owó ọpẹ́ sínú àpótí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé aládùúgbò mi tó jẹ́ Mùsùlùmí fi itan dá mi lọ́lá. I see. Ó dáa. Kí n má rí ìyẹ̀ rẹ̀ níhìn-ín mọ́. Ìyá rẹ tó sọ pé itan tóbi jù fún mi, kí n má rí èèpo rẹ̀ náà."

Ìjà ẹni méjì ni mo lọ parí, mo sì sọ ọ́ di ti ẹni mẹ́ta. Lójú pátákó, gbígbé pọ̀ ń bá a lọ dáadáa. Mo fún àwọn ọmọ ní ìdánwò lórí rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, wọ́n gba máàkì tó dára.

Sátidé ìmọ́tótó mọ́. Ọ̀nà dákẹ́, ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ rìn. Àwọn obìnrin wa ti wá láti àfẹ̀mọ́júmọ́, wọ́n ti bó ẹ̀gẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n da èèpo tútù lé orí èyí tó ti jẹrà, nítorí wọn kò mọ ibòmíràn tí wọn ó dà á sí. Ìyá mi wọ aṣọ tó dára, ó jókòó sórí àpótí níwájú ẹ̀rọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára ẹ̀rọ náà.

Wolé-wolé dé, sójà kan tẹ̀ lé e pẹ̀lú ṣéènì léjìká. Alhaji jáde wá nínú jàlàbíà funfun, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì ìyẹ̀ pákó tirẹ̀ lókè, ó ń wo bí wọn ó ṣe ṣe tiwa kó lè mọ bí tirẹ̀ yóò ṣe rí. Wolé-wolé wo òkìtì èèpo, ó mi orí. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú." Sójà sọ ṣéènì kalẹ̀.

Ìgbà náà la gbọ́ ariwo igi tó ń ya ní ìsàlẹ̀. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ Tíṣà já. Ebi ti gbẹ wọ́n, ìyá wọn sì ṣíwájú, abo ńlá kan tí etí rẹ̀ bo ojú. Wọ́n gun ìtì igi tó dábùú ọ̀nà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, wọ́n kọjá láàárín wolé-wolé àti sójà, wọ́n sì ki ẹnu bọ èèpo. Sójà fò sórí ààrò. Nígbà tí àwọn kan yó díẹ̀, wọ́n gòkè lọ sí ilé ìlagi, wọ́n nà gbalaja sínú ìyẹ̀ pákó gbígbẹ lẹ́bàá ẹsẹ̀ Alhaji. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni.

Wolé-wolé pariwo. "Ta ló ni àwọn ẹran yìí? Ẹran tó bá ń rìn gbéregbère lọ́jọ́ ìmọ́tótó, ti ìjọba ni."

Tíṣà ti sáré dé ẹnu ọ̀nà nínú síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó kàn ń wo sójà náà. Owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba kò san fún un, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ yẹn ló ń san án.

"Wọn kì í rìn gbéregbère," ni ìyá mi wí. "Wọ́n ń bá mi palẹ̀ mọ́ ni. Ṣé kì í ṣe ìmọ́tótó lẹ ní ká ṣe ni?"

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ni wọ́n?"

Alhaji ló dáhùn láti òkè, ó ká jàlàbíà rẹ̀ sókè kó má baà kan wọ́n.

"Ẹlẹ́dẹ̀ wa ni."

Gbogbo wa yíjú sí i. Wolé-wolé ní, "Alhaji, ẹ̀yin kẹ̀?"

"Mo ní tiwa ni! Ẹ fún wa di ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí i bí ilẹ̀ yóò ṣe rí."

Bóyá ẹ̀rín ló pa wolé-wolé ni, bóyá gàrí ìgbà èwe rẹ̀ ló rántí, mi ò mọ̀. Ó fún wa di ìrọ̀lẹ́. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ ti ìtì igi náà, a yí i kúrò. Ọmọlanke sọ̀kalẹ̀, ó gòkè, ó sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí wolé-wolé padà dé, ilẹ̀ mọ́, ó sì gbé ṣéènì rẹ̀ lọ sílé ẹlòmíràn. Àwọn obìnrin wa jó. Èmi náà jó. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Kò sí ẹnìkan nínú wa tó wo ìyá ẹlẹ́dẹ̀. Tíṣà kì í fún wọn ní èèpo tútù. Oòrùn ló máa ń sá a sí títí yóò fi gbẹ, nítorí májèlé wà nínú èèpo ẹ̀gẹ́ tútù. Òun tó ṣíwájú ló jẹ èyí tó wà lókè, èyí tí a bó láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì jẹ ẹ́ bí ẹni tí ebi ti ń pa láti oṣù tó kọjá. Tíṣà da epo pupa sí i lẹ́nu títí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè tó mọ́, ìyá ẹlẹ́dẹ̀ náà ti kú.

Bí a ṣe dé láti ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyá mi yà sí ọgbà Tíṣà pẹ̀lú gèlè lórí. Alhaji ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ọgbà, kò mọ bí yóò ṣe wọlé. Tíṣà jókòó sórí ẹ̀gbẹ́ igi kan, ọwọ́ rẹ̀ ṣì dọ̀tí, nítorí pé òun nìkan ló gbẹ́ ilẹ̀ tí ó sì sin ín.

"Tíṣà, ẹ kú àdánù," ni Alhaji wí. "Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò."

Tíṣà mi orí. Ìyá mi kúnlẹ̀ tòun ti aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mọ̀ pé ó ti ń to ọ̀rọ̀ náà pọ̀ láti ọ̀nà, mo rí i bí ètè rẹ̀ ṣe ń mì, ṣùgbọ́n Tíṣà ṣáájú rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ìyá Onígàrí, mi ò rójú béèrè lánàá. Ṣé wọ́n tì yín pa?"

"Wọn ò tì wá, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ibo làwọn opó yẹn ì bá gbà lọ?"

Ìyá mi bú sẹ́kún. Ọjọ́ tí a sin bàbá mi ni mo ti rí irú ẹkún bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ kẹ́yìn. Alhaji yíjú sí ògiri. Tíṣà dìde, ó wọlé lọ gbé bẹ́ǹṣì jáde, ó fi ọwọ́ nu ún, ó ní ká jókòó. Alhaji wọ inú ọgbà wá, àwa mẹ́ta jókòó.